Máàkì ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ń já wálẹ̀? Ẹ wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó wá tíṣà lẹ́sìnnì

Lópin táàmù kejì, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn gbé káàdì rẹ̀ wálé. Ó ní ọ́tísíìmù, JSS 2 ló wà, ọmọ ọdún 13. Màthẹ́máàtíìkì tó máa ń gba 81 ti di 44. Basic Science, 38. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì wà níbi tí wọ́n wà. Kíá ni gbogbo ilé ti ń pariwo pé ká wá tíṣà lẹ́sìnnì. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ dábàá rẹ̀, èmi tí mo ti ń ṣe tíṣà láti ọdún 16 sẹ́yìn. Oṣù méjì la fi sanwó kí a tó mọ̀ pé ìṣirò yé ọmọ yìí dáadáa. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi kọ́ńpáàsì inú mátísẹ́ẹ̀tì gún un léjìká, gbogbo ìgbà tí tíṣà bá ti kọjú sí bọ́ọ̀dù.

Ká ní mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí nígbà náà, owó lẹ́sìnnì ọ̀hún ì bá ṣì wà lápò mi, ọmọ náà ì bá sì ti sinmi tipẹ́. Òbí àti alágbàtọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Àmọ́ ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ má fò ó kọjá o, ọ̀rọ̀ tiwa wà níbẹ̀.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í ṣe wèrè, ayé kò sì fi ṣe ọmọ yín. Bí ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba ọ̀rọ̀, ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìṣesí èèyàn wọlé ló yàtọ̀ láti kékeré. Ọ̀kan lè má sọ̀rọ̀ rárá, òmíràn á máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ tiwa mọ gbogbo ọ̀nà tí takisí Micra ń ná n'Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Ṣálẹ́ńjì, pẹ̀lú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń já èrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé "ṣé orí rẹ pé?", ó máa fọwọ́ kan orí wò.

Ìfòòró ni mo máa pe ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní búlì: kí ẹnì kan tàbí agbo kan dójú lé ọmọ kan lónìí, lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí agbára ọmọ náà má sì ká a. Ìlù wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀, gbígba owó, fífi í ṣe fídíò, yíyọ ọ́ sẹ́yìn nínú gbogbo nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ni. Eré, àwọn méjèèjì ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Kì í sì ṣe ọmọ kan tàbí méjì. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 lórí àwọn ọ̀dọ́langba tó ní ọ́tísíìmù rí i pé 46.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fòòró níléèwé, bí òbí wọn ṣe sọ ọ́. Àwọn tó wà ní kíláàsì gbogboogbò ni wọ́n tún ń fòòró jù. Ní Australia, ìwádìí kékeré kan lọ́dún 2010 bi àwọn tíṣà léèrè nípa irú àwọn ọmọ yìí tí ọpọlọ wọn pé: 54 nínú ọgọ́rùn-ún ni tíṣà sọ pé máàkì wọn kéré sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Nínú àwọn ọmọ yòókù, 8 péré.

Báwo ni ìfòòró ṣe ń jẹ máàkì? Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè ṣọ́ bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí wọ́n ń tì mọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì kò ní mu omi láàárọ̀, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Tó bá fi di ago méjìlá, orí ti ń fọ́ ọ. Wọ́n ti ya nóòtì rẹ̀, kí ló máa fi kàwé? Ó mọ ìdáhùn, kò nawọ́, torí bó bá ti lanu báyìí wọ́n á máa sín in jẹ. Èyí tí ojú kì í rí ló sì wúwo jù: ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ yìí ló ń fi odindi ọjọ́ ṣe bí àwọn yòókù, kí ọwọ́ má gbọ̀n, kí ojú má sá, kí etí fara da ariwo. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó délé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, àwa wá gbé lẹ́sìnnì wákàtí méjì lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka káàdì bí ẹni ń tọpa ẹsẹ̀

Ẹ tẹ́ káàdì táàmù mẹ́ta sílẹ̀ pa pọ̀. Ẹ má wo ipò tó gbà, kò wúlò níbí. Ẹ wo iṣẹ́ tó já àti èyí tí kò já. Tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló já, ó lè jẹ́ àìsùn, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí iléèwé. Tó bá jẹ́ méjì mẹ́ta ló já, ẹ gbé táìmù-tébù lé e lórí. Ṣé lẹ́yìn bíréèkì ni iṣẹ́ yẹn? Ṣé wọ́n máa ń kúrò ní kíláàsì lọ sí láàbù? Ta ló ń jókòó síbo?

Ẹ wá pín máàkì náà sí méjì. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé wa, 40 ni CA (máàkì iṣẹ́ inú táàmù), 60 ni ìdánwò. Tí CA bá ṣubú tí ìdánwò sì dúró, ẹ máa wá nóòtì tó sọnù, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n jí, iṣẹ́ àṣepọ̀ tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, àga jìnnà síra, tíṣà ń rìn káàkiri, gbogbo ẹnu dákẹ́: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ọkàn ọmọ náà ti ń balẹ̀ nínú odindi táàmù. Màthẹ́máàtíìkì ọmọ wa, 9 nínú 40 ni CA, 35 nínú 60 ni ìdánwò. Èmi tíṣà wo 44, n kò wo ohun tó bí 44.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi í ní ìbéèrè tó ṣeé dáhùn

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níléèwé lónìí?"

"Òjò rọ̀."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Mo tún ní, "Ṣé wọ́n ń fòòró rẹ?" Ó ní rárá. Ìbéèrè mi ni kò lójú.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo fún un ní páálí indomie tí mo tú, mo ní kó ya iléèwé wọn sí i fún mi bó ṣe máa ń ya ọ̀nà Micra. Ó yà á tán pátá: géètì, pápá bọ́ọ̀lù, sítáàfùrúùmù, kíláàsì wọn, àti tọ́lẹ́ẹ̀tì tí kò ju ìṣísẹ̀ 20 lọ sí kíláàsì ọ̀hún. Mo fún un ní bírò pupa, mo ní kó fa ọ̀nà tó ń gbà lọ tọ̀. Bírò pupa jáde lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó yí gbogbo pápá bọ́ọ̀lù po, ó gba ẹ̀yìn sítáàfùrúùmù, ó wá gba ẹ̀yìn wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ló dé tí kò gba iwájú.

"Wọ́n ń gbowó níwájú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, iye, ibi àti orúkọ ni mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló fọwọ́ kàn ọ́ lónìí? Ibo ni o kì í fẹ́ gbà? Nínú ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ wo ló burú jù? Èló ló wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o ń lọ, èló ló kù? Ọmọ tí kò bá fẹ́ la ẹnu lè kọ ọ́, tàbí kó fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láti inú yàrá rẹ̀. Ẹ má sì bi í bó bá ṣe ń wọlé. Omi, ìpanu, wákàtí kan nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀rẹ́" yìí náà, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ohun tó jẹ́ kó ní rárá nígbà tí mo bi í ni pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n. Àwọn "ọ̀rẹ́" yẹn ló rán an pé kó lọ sọ fún VP, igbákejì pírínsípà, pé wíìgì rẹ̀ ń rùn. Ó lọ, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ẹgba mẹ́fà ló jẹ, àwọn tó rán an ń wò ó lójú fèrèsé. Irú ìfòòró yìí kì í dá àpá sára, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í kà á mọ́ ìyà. Ẹ bi í: ọ̀rẹ́ yìí, kí ló fún ẹ rí? Ọjọ́ tí o kọ̀ láti ṣe ohun tó ní kí o ṣe, ṣé ó ṣì bá ẹ ṣeré?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin, tiyín tún fara sin ju èyí lọ. Wọn kì í sábà lu ọmọbìnrin, ṣe ni wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú agbo, wọ́n á sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ́tísíìmù pamọ́, máàkì wọn á dúró ṣánṣán fún ọdún méjì, á wá wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí iṣẹ́ ìwé bá dáa àmọ́ tó ń sunkún ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ má dúró de káàdì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé eserésáìsì kan tó. Ọjọ́, aago, ibi, ẹni tó ṣe é, ẹni tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́. Ẹ má fi ìbínú yín kún un. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀wù tó ya àti nóòtì tí wọ́n já. Èyí tó bá wà lórí Wásáàpù, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ máa rí i pé ibi kan náà, aago kan náà ni. Ti wa, ọjọ́ Tuesday àti Thursday, lẹ́yìn bíréèkì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwa àgbà náà ńkọ́?

Ọmọ tí kì í wo tíṣà lójú ní London, wọ́n lè tètè ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí kò wo àgbà lójú, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, nítorí náà àmì yẹn kì í hàn sí wa. Èyí tó ń hàn ni pé kì í kí èèyàn, kì í dọ̀bálẹ̀, ó sì ń sọ "o" sí pírínsípà. Ọmọ àbúrò mi yìí, kò sí ẹni tí kì í sọ "o" sí, títí dé orí ìyá tó bí èmi àti ìyá rẹ̀. Mo bi í ní ìdí. Ó ní "ẹ" wà fún èèyàn púpọ̀, ẹnì kan sì ni Màmá. Tíṣà tí kò mọ èyí á pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ níwájú kíláàsì. Tí tíṣà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ta ló kù tí kò ní sọ ọ́?

A ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ọmọ yìí, odindi ni kí ẹ sọ fún un. "Ṣé mo kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù àbí n kò kọ?" kò ní kó ṣiṣẹ́, á dáhùn pé o kọ ọ́, ẹ óò sì ní ó ń gbó yín lẹ́nu. "Mú bírò, kọ nọ́ńbà 1 sí 5 sínú nóòtì" ló ní kó ṣiṣẹ́.

Damian Milton, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ lọ́dún 2012 pé ọ̀tún àtòsì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ti ń wá: ọmọ náà kò lóye wa, àwa náà kò lóye rẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n ṣáà ń nà. Mo ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́. Ó ń mi ara síwá sẹ́yìn lórí àga, mo ní kó dúró jẹ́ẹ́, kò dúró, mo gbà pé ó rí mi fín ni. Mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ fi ẹjọ́ àwọn ọmọ sùn, ẹ bi ara yín léèrè orúkọ tí tíṣà àti ará ilé ń pe ọmọ náà. "Ọ̀dẹ̀", "dìndìnrìn", "mùmú": ilé ni ọ̀pọ̀ àwọn orúkọ yẹn ti ń bá ọmọ lọ sí iléèwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìpàdé ní iléèwé

Ẹ má bínú lọ, ẹ má sì lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu sítáàǹpù sí ẹ̀dà tiyín. Lẹ́tà tó bá ní sítáàǹpù, wọ́n máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ bá mi bójú tó o" kò lè yọrí sí nǹkan kan. Wọ́n á ní "kò séwu, màmá", ó parí. Ohun tó ṣeé fojú rí ni kí ẹ béèrè. Ohun tí àwa béèrè rèé.

Àga rẹ̀ kúrò láàárín, ó lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọbìnrin kan tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ló sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fún un láyè láti lọ tọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago bíréèkì tó lù. Lásìkò bíréèkì, láìbúrárì ṣí sílẹ̀ fún un tó bá wù ú. Kì í ṣe ìyà, òun ló ń yàn. Tíṣà ló ń pín iṣẹ́ àṣepọ̀, ó sì ń sọ ohun tí oníkálukú máa ṣe, torí tí wọ́n bá ní "ẹ yan ẹgbẹ́ yín", òun ló máa ṣẹ́ kù. Lékè gbogbo rẹ̀, àgbà kan ṣoṣo wà tó lè lọ bá nígbàkígbà. Olùtọ́jú láìbúrárì ni tiwa. Kò gbọ́dọ̀ di dandan pé kó sọ̀rọ̀: ó gbé páálí yẹ́lò kan sórí tábìlì rẹ̀, ó jókòó, ó tó.

Ẹ máa gbọ́ àbá mẹ́ta níbẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà. Èkíní, kí wọ́n pe àwọn ọmọ méjèèjì kí wọ́n bọwọ́. Ìjà ni wọ́n ń parí bẹ́ẹ̀, èyí kì í ṣe ìjà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa bọwọ́, ìfòòró á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn géètì. Èkejì, kí wọ́n na afòòróni ní asẹ́ńbílì. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yín ló máa san gbèsè ẹgba yẹn. Ẹ̀kẹta, "ẹ jẹ́ kó le, ọkùnrin ni, kó dá a padà." Mo mọ bàbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kejì ni rẹfirí máa ń rí o. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù kì í mọ ìgbà tí ojú ń wò, gbangba ló máa ti dá a padà, òun ni wọ́n á sì lé lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ gbájú mọ́ àwọn tó ń wòran. Ní Finland, Christina Salmivalli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Turku gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KiVa, orí òǹwòran ni wọ́n sì kọ́ ọ lé: tí ẹnikẹ́ni kò bá rẹ́rìn-ín, eré afòòróni kò tà. Ẹ kò nílò gbogbo kíláàsì, ọmọ méjì tó ní láárí tó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí tíṣà dìde sọ fún kíláàsì pé ọmọ yín ní ọ́tísíìmù láìjẹ́ pé ọmọ náà fọwọ́ sí i. Tiwa kọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígba máàkì padà

Ọkàn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹ dá lẹ́sìnnì dúró fún oṣù kan. Ẹ gba nóòtì ọmọ tó ń kọ̀wé dáadáa, ẹ ṣe fọ́tókópì àwọn ojú ewé tó sọnù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 20, ìsinmi ìṣẹ́jú 10, kó mọ̀ ṣáájú ohun tí wọ́n máa ṣe àti ìgbà tó máa parí. Ohun tó fẹ́ràn, ẹ lò ó: owó ọkọ̀ Micra àti iye èrò ni mo fi kọ́ ọmọ wa ní ìdá àti ìpín, tí ìwé kò rí kọ́ ọ. Ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún un láyè láti tún àwọn CA tó pàdánù ṣe. Èyí tó bá ní ẹ̀rí nínú ìwé eserésáìsì yín, ó nira kí wọ́n kọ̀.

Fún àwọn tó wà ní SS, ẹ gba ìwé dókítà lásìkò. Nígbà tí iléèwé bá ń fi orúkọ sílẹ̀ fún WASSCE ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ nílò, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. N'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Arò l'Abẹ́òkúta, òmíràn wà ní Yábàá l'Ékòó. Tí ọmọ bá ti ń sọ pé òun ì bá má wà láyé, tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ fi káàdì sílẹ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Irú ọmọ yìí kì í sábà ṣe àwàdà, ohun tó bá sọ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Tí iléèwé bá kọ etí dídi

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, òfin 2018 ni wọ́n ń pè é. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama, ó sì ní kí àwọn iléèwé ìjọba gbà wọ́n mọ́ra. Ìtanràn ẹni tó bá rú u jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́, ₦1,000,000. Èkó ti ní tiẹ̀ láti ọdún 2011, LASODA, àjọ ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá, ló ń bójú tó o. Ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣá. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà kejì, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Nígbà míì, iléèwé míì ni ọ̀nà àbáyọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú nígbà tí kò sí èèyàn, kó yà á sórí páálí.

Tiwa kò dé ìyẹn. JSS 3 ló wà báyìí, Màthẹ́máàtíìkì rẹ̀ táàmù tó kọjá jẹ́ 73, CA 31. Àwọn tó ń gbowó lẹ́nu tọ́lẹ́ẹ̀tì ti jáde níléèwé. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i lásìkò bíréèkì tó jáde ní kíláàsì, tó yí pápá bọ́ọ̀lù po, tó gba ẹ̀yìn sítáàfùrúùmù. Ọkàn mi pami. Mo dúró dè é, mo bi í bóyá ẹnì kan tún ń gbowó níwájú.

Ó ní, "Rárá. Àńtí, ṣé o ò rí i pé ibòji wà lọ́nà ibí ni?"